Ẹ̀tù Ìbọn Kì í Ṣe Ohun Àfojúdá

   

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yìnbọn àti ẹni tí ìbọn bà, a kì í sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú ọta fúnra rẹ̀: ẹ̀tù tó ń tì í jáde, iye ẹ̀tù náà, àti ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ ológun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ní Ajégúnlẹ̀ tí ìbọn kò tíì dún sí létí lóru rí, tó sì dìde jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní níkọ̀ọ̀kan? Bó bá jẹ́ pé ohun náà ń jí wa lójú oorun, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń fi agbára ọta ṣe fáàrí. Wọ́n á ní ìbọn ti lágbájá máa ń dún ju ti tàmẹ̀dò lọ, wọ́n á ní alágbẹ̀dẹ kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọta lágbára sí i, pé ó ń fi ẹ̀tù kún un. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n sún mọ́ rédíò. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ̀tù kì í ṣe ohun àfojúdá, ibi tí a bá sì ti ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, àfojúdá ni wọ́n ń ṣe é. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, ẹ̀rí ni.

Àwọn baba wa mọ ṣakabùlà. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá kó ọta lé e lórí. Ọwọ́ ọdẹ ni òṣùwọ̀n. Ọdẹ tó dáńgájíá mọ iye ẹ̀tù tí ìbọn tirẹ̀ lè gbé, torí ó ti bá a wọ igbó láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Kò jẹ́ ki ìbọn ẹlòmíràn bó ṣe ń ki tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ọdẹ léèrè, wọ́n á sọ fún yín nípa ẹni tó ki ẹ̀tù lákìjù níbi ìsìnkú àgbà, tó fẹ́ kí ìbọn òun dún kó bo ti gbogbo ẹgbẹ́, tó sì fi ìka ọwọ́ rẹ̀ san án. Ìbọn náà kì í yin iwájú mọ́ bó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà bẹ́.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà ní 1877, irú ìbọn àtẹnukì yìí ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí nǹkan fi yí padà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé nílùú Èkó, àwọn tó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn lójú ogun. Ìbọn àtìdíkì ni, èyí tí wọ́n ń ti ìdí rẹ̀ fi ọta sí, tí ẹ̀tù àti òjé ti wà pọ̀ nínú páálí tàbí idẹ kan ṣoṣo. Ìbàdàn, lábẹ́ Látóòsà Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, rí ìyàtọ̀ náà kedere. Wọ́n jagun náà títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, 1886. Àwọn òpìtàn máa ń tẹnu mọ́ bí ìbọn tuntun náà ṣe yá ju ti àtijọ́ lọ. Ohun mìíràn ni mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ Yorùbá ti ń yin ẹ̀tù tí òun kò fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Ẹnì kan ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ó ti dé e, ó ti fi ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìmọ̀ òṣùwọ̀n náà kò bá ìbọn wọ ìlú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀tù fúnra rẹ̀ yí padà. Ní 1884, ọmọ Faransé kan, Paul Vieille, ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba wa mọ̀ máa ń jó lọ́nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é fọkàn tán. Bí o bá fi díẹ̀ kún un, ó lè dárí jì ọ́. Ẹ̀tù tuntun kì í dárí jini. Bí ibi tó wà bá ṣe há tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára jó; bó bá ṣe ń yára jó tó, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ ń le sí i; bí atẹ́gùn náà bá sì ti ń le, ẹ̀tù tó kù á tún máa yára sí i. Bó ṣe ń lé ara rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ki ẹ̀tù tuntun sí fi máa ń fọ́ bí ìgò. Ẹni tó ki ìbọn náà rò pé ẹ̀tù ni ẹ̀tù ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ọta ìbọn ìléwọ́ kan wò. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Idẹ tó dà bí ife kékeré ni àkọ́kọ́, òun ló gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ní ìdí idẹ náà ni kápù wà, ohun bíńtín tí irin ìbọn ń gbá tó fi ń ta iná. Ẹ̀tù wà nínú idẹ, òjé sì dé e lẹ́nu. Bí irin bá gbá kápù, ẹ̀tù á di atẹ́gùn gbígbóná kí ojú tó ṣẹ́. Òjé nìkan ló yẹ kó gba ọ̀nà jáde. Idẹ gbọ́dọ̀ wú díẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn, kó má jẹ́ kí atẹ́gùn náà padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà, ẹ gbọ́ èyí. Táyà ọkọ̀ yín máa ń gba bí 100 sí 120 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì mọ ohun tí táyà yẹn máa ń ṣe fún fọganáísà tó bá bẹ́ mọ́ lójú. Ìwọ̀n tó ga jù tí àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọta 9mm, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́, jẹ́ 35,000. Nǹkan bí ìlọ́po 300 táyà tírélà ni, nínú idẹ tí kò tó ìka ọmọdé, ní ibi tí kò jìnnà sí ojú ẹni tó dì í mú.

Ní Amẹ́ríkà, òfin gba aráàlú láyè láti máa ṣe ọta ara rẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Wọ́n á ṣa idẹ tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ ọwọ́ tún un ṣe, wọ́n á fi kápù tuntun, ẹ̀tù àti òjé sí i. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀tù ń tẹ ìwé fún wọn, tí wọ́n kọ ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá sí. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kéré débi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ kò tíì pé gíráàmù kan. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa yẹ idẹ wò lẹ́yìn ìbọn kọ̀ọ̀kan. Bí kápù bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìdí idẹ bá ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ẹni tó ní ọgbọ́n á gbé ìbọn sílẹ̀. Mo ń ṣàlàyé èyí kí ẹ lè rí i pé àwọn tí òfin gbà láyè, tí wọ́n ní ìwé, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, tí iná mànàmáná kì í lọ mọ́ lójú, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn náà sì ti fara gbọgbẹ́.

Daran-daran kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Elmer Keith. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọta alágbára tó o láyé ìgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, 1925, ọjọ́ òmìnira wọn, ó ń yìnbọn ìléwọ́ rẹ̀ sókè láti fi ṣọdún. Ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni, ó sì ti fún un lágbára kọjá bó ṣe yẹ. Ìbọn náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá òkè rẹ̀ fò lọ. Orí ló kó o yọ. Kí ni Keith ṣe? Ó gbé irú ìbọn náà tì, ó wá èyí tí irin rẹ̀ nípọn jù ú lọ, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa dán an wò díẹ̀díẹ̀. Láti ara iṣẹ́ yẹn àti ariwo tó ń pa sí etí àwọn iléeṣẹ́ ni ọta .44 Magnum ti jáde ní 1955. Ọgbọ́n ọdún gbáko ni láti ọjọ́ tí ìbọn fọ́ sí ọjọ́ tí ọta náà dé ọjà, iléeṣẹ́ ńláńlá méjì, Smith & Wesson àti Remington, ló sì pawọ́ pọ̀ ṣe é.

Ti ìbọn ìléwọ́ tó ń fúnra rẹ̀ gbé ọta mì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta gbọ́dọ̀ gun òkè wọnú ihò, nítorí náà wọ́n máa ń gé díẹ̀ kúrò lára irin níbi tí ọta ń gbà wọlé. Ibi tí wọ́n gé yẹn, idẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Irin kò gbà á mú. Ní 1976, Jeff Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ ìdíje ìbọn ìléwọ́ kan tó kárí ayé sílẹ̀ nílùú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Wọ́n ní ẹni tí ọta rẹ̀ bá lágbára dé ìwọ̀n kan, máàkì rẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó bí. Àwọn adíje gbé ìbọn wọn lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tún un ṣe, kí ó má baà ta sókè jù. Wọ́n wá ń ki ẹ̀tù sí ọta kékeré kan, .38 Super, kó lè bá ọta ńlá dọ́gba. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ ní ibi tí wọ́n gé yẹn. Atẹ́gùn gbígbóná àti èérún idẹ ń ta sí àwọn èèyàn lójú àti lọ́wọ́. Ó di dandan kí àwọn alágbẹ̀dẹ yí bí wọ́n ṣe ń ṣe ihò ìbọn padà, kí irin lè gba idẹ mú yíká. Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìdíje náà ní Amẹ́ríkà sì sọ ìwọ̀n agbára náà kalẹ̀ láti 175 sí 165. Ìdíje tó ń fún agbára ní máàkì ló padà wá dín agbára kù.

Àwọn agbófinró wọn náà kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, 1986, nílùú Miami, àwọn òṣìṣẹ́ FBI mẹ́jọ kojú adigunjalè méjì. Ọta 9mm kan wọ ara ọ̀kan nínú àwọn olè náà, ó dúró kó tó dé ọkàn rẹ̀, olè náà sì ń jà lọ. Òṣìṣẹ́ méjì kú, márùn-ún fara gbọgbẹ́, kí wọ́n tó pa àwọn olè náà. Ni FBI bá ní ọta tó lágbára jù ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n mú 10mm, ọta tí Cooper ti ń polongo, èyí tó jáde pẹ̀lú ìbọn Bren Ten ní 1983. Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó ń ta wọ́n lọ́wọ́ jù. Wọ́n dín ẹ̀tù rẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n dín in kù, wọ́n rí i pé idẹ náà ti tóbi jù fún ẹ̀tù inú rẹ̀, ni àwọn iléeṣẹ́ ọta bá gé e kúrú, òun ló di .40 ní 1990. Nígbà tó yá, FBI padà sórí 9mm tí wọ́n ti sá fún tẹ́lẹ̀. Ìjọba tó ní owó, tó ní iléeṣẹ́ àyẹ̀wò, tó ní àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀nà tó gbà lọ náà ló gbà padà. Kí wá ni alágbẹ̀dẹ inú yàrá kan ní ẹ̀yìn gọ́tà mọ̀ tí àwọn wọ̀nyí kò mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú ìpín àkọ́kọ́, ìpín kan náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù, Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fọwọ́ sí i pé kí ẹnì kan ní in. Òfin náà tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ tò ó tàbí tún un ṣe, àfi ní ibi ìkóhun-ìjà-sí ti ìjọba àti ti àwọn ológun. Nípa bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ló ń ṣe ọta fún àwọn ológun wa. Òfin mìíràn tó dá lórí ìdigunjalè sọ pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ̀lú ìbọn láìgbàṣẹ lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ní ọdún mẹ́wàá. Ẹ ka iye ọdún tí ẹ jẹ́, kí ẹ fi mẹ́wàá lé e, kí ẹ wò ó bóyá agbára ọta kankan tó bẹ́ẹ̀.

Mo fara mọ́ òfin náà. Ẹlòmíràn á ní, ṣé òfin ló ń dá olè lẹ́kun? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin ti jò kì í ṣe inú ìwé, ibodè ni, ibodè náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Láti 1926 tí ọkọ̀ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní èbúté Àpápá, àti láti 1977 tí wọ́n ti ṣí èbúté Tin Can, ohun rere tó wọ orílẹ̀-èdè yìí níbẹ̀ kò lóǹkà. Ohun búburú náà ń bá a wọlé.

Ní oṣù keje, 2010, ọkọ̀ kan tó ti Ìráànì wá já kọ̀ǹténà 13 sílẹ̀ ní Àpápá. Ohun ìkọ́lé ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni àwọn agbófinró tó ṣí i: rọ́kẹ́ẹ̀tì, ọta mọ́tà, àti ọta ìbọn. Ilé ẹjọ́ rán ọmọ Ìráànì kan àti ọmọ Nàìjíríà kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí rẹ̀ ní 2013. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí àwọn kọ̀ǹténà náà fi wà nílẹ̀, a ń sùn, a ń jí, a ń ta ẹja, a ń ta búrẹ́dì, ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé.

Ní oṣù kìíní, 2017, ní òpópónà Mile 2 sí Àpápá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá tírélà kan dúró. Ilẹ̀kùn irin ló wà nínú kọ̀ǹténà rẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin ni àpótí 49 wà, ìbọn apọ́ńpù 661 sì wà nínú wọn. Tírélà náà ti jáde kúrò ní èbúté ná o! Ojú títì ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ojú títì tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Oṣù karùn-ún ọdún náà, 440 mìíràn ní Tin Can. Oṣù kẹsàn-án, 1,100, ohun mìíràn ni wọ́n sì kọ sínú ìwé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, 470 tún wọlé. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 2,671 láàárín oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí ọwọ́ tẹ̀ nìyẹn. Ní 2024, ní èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n tún rí ìbọn 844 pẹ̀lú ọta 112,500.

Ẹ wo ọta tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ìbọn lè pẹ́ ní ọgọ́ta ọdún bí wọ́n bá ń fi òróró pa á. Ọta kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti yìn ín, ó tán. Bí ìbọn bá ti wọ ìlú, tí ọta kò sì tó, ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ ìkọ̀kọ̀ ti ń rí ọjà. Iṣẹ́ ìbọn rírọ kì í ṣe tuntun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka nílẹ̀ Ìgbò ti gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ tipẹ́, ti Gánà náà ń ṣe é bí òfin wọn tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ògún kò fún ẹni tí kò ní làákàyè ní iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbọn àgbélẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá ń kó jọ síwájú àwọn oníròyìn, ẹ ti rí i: páìpù ló pọ̀ nínú wọn, páìpù tí wọ́n ṣe fún omi. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rọ wo irin rẹ̀ bóyá ó ti sán. Wọ́n wá ń ki ọta tí ẹnikẹ́ni kò wọn ẹ̀tù rẹ̀ sínú irin tí ẹnikẹ́ni kò dán agbára rẹ̀ wò. Ẹni tó dì í mú kò mọ̀ pé òun gan-an ló wà níwájú ẹnu ìbọn.

Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ńkọ́? Àwa tí a ń gbé ní fésì-mi-n-fésì-ẹ, tí pátákó tàbí búlọ́ọ̀kù ínǹṣì márùn-ún ya yàrá wa sọ́tọ̀, a mọ̀ pé ọta kì í bi ilẹ̀kùn léèrè orúkọ onílé. Bí agbára ọta bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gba ara ohun púpọ̀ kọjá kó tó dúró. Ajégúnlẹ̀ ti rí i. Ní 1999, nígbà tí Yorùbá àti Ìjọ kọjú ìjà síra wọn, àti ní oṣù kẹwàá, 2000, nígbà tí ó di ti Yorùbá àti Hausa, àwọn tó kú níbẹ̀ kì í ṣe ajagun nìkan. Aládùúgbò tó ń pín omi kànga kan náà ni wọ́n. Ìjọ, Ìlàjẹ, Ùròbò, Ìgbò, Hausa, Yorùbá, gbogbo wa la ṣì wà níbí, ojú kan náà la ṣì ń gbé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì kan àwọn tí kò tilẹ̀ mú ìbọn rí. Ọta máa ń gbó. Ẹ̀tù inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà, ooru àti ọ̀rinrin sì pọ̀ ní etí ọ̀sà tiwa yìí. Gbogbo ẹni tó wà ní Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 2002, mọ ohun tí mo ń sọ. Ọjọ́ Àìkú ni, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Iná ràn dé ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, ilẹ̀ mì títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìró náà nìkan kọ́ ló pa èèyàn jù. Ìbẹ̀rù ló lé wọn, òkùnkùn ti ṣú, wọ́n sá wọnú odò kánáàlì Òkè-Àfá, ìyá ń fa ọmọ, ọmọ ń fa àbúrò. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Àwọn ológun ló ń ṣọ́ ibẹ̀ o, ó ní ògiri, ó ní geeti. Ẹ wá fojú inú wo ike ẹ̀tù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kan, ní ẹ̀gbẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba bọ́lá àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra idẹ àti irin àlòkù ní Olódì-Àpápá àti Àmùkòkò, mo bẹ̀ yín, ẹ máa fẹ̀sọ̀ yẹ ẹrù yín wò. Idẹ ọta tí wọ́n ti yìn, ẹnu rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ojú irin á sì ti hàn ní ìdí rẹ̀. Èyí tí òjé ṣì dé lẹ́nu, ọta tó wà láàyè ni. Ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má jù ú sínú iná tí ẹ fi ń yọ́ idẹ, ẹ má gbìyànjú láti fa òjé rẹ̀ yọ nítorí kílò kan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ọta wálé, bóyá ó rí i ní gọ́tà tàbí níbi ìsìnkú tí àwọn ọdẹ ti yìnbọn, ẹ má pariwo mọ́ ọn débi tí á fi jù ú mọ́lẹ̀. Ẹ ní kó rọra gbé e sílẹ̀, kí gbogbo ilé kúrò níbẹ̀. Kí ẹnì kan dúró lókèèrè, kó má jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn sì pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà méjèèjì lórí fóònù yín. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò, ẹ sọ òpópónà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì dúró de àwọn tí iṣẹ́ wọn ni. Mo tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò: 767, tàbí 112.